Ta ló di okùn pọ́díkáàsì mú?

Ìbéèrè kan tí mo máa ń gbọ́ ṣáá nípa pọ́díkáàsì ni èyí: "Ṣé Spotify ló ń ṣe é ni, àbí Apple?" Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀. Orí fóònù la ti ń gbọ́ ọ, àmì áàpù ló wà lójú, a sì gbà pé ẹni tó ni áàpù ló ni ètò. Àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn pọ́díkáàsì tó wà láyé, ẹnì kan tàbí ẹni méjì ló ń ṣe é nínú yàrá ara wọn. Apple kò mọ̀ wọ́n rí, Spotify kò sanwó oṣù fún wọn. Àwọn là ń pè ní pọ́díkáàsì adádúró, ọ̀rọ̀ "adádúró" yẹn gan-an ló sì máa ń rú àwọn èèyàn lójú.

Ká tó dé ibẹ̀, kí ni pọ́díkáàsì fúnra rẹ̀? Kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ kan pàtó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kí èèyàn méjì kàn jókòó sídìí máìkì kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà tí ohùn ń gbà dé ọ̀dọ̀ yín ni. Rédíò ń fọ́n ohùn sáfẹ́fẹ́. Bí ẹ ò bá sí nídìí rẹ̀ lásìkò, ó ti kọjá lọ nìyẹn. Pọ́díkáàsì ní tirẹ̀, fáìlì ni, ó jókòó síbì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń dúró dè yín. Ohun tó fi yàtọ̀ sí fáìlì orin lásán ni pé ìwé kékeré kan wà tó ń sọ fún áàpù yín pé nǹkan tuntun ti dé. Ìwé kékeré yìí ló ń jẹ́ RSS.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú rí i, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá ṣí fáìlì RSS ètò kan lórí kọ̀ǹpútà, kìkì ọ̀rọ̀ lẹ máa rí, kò sí ohùn nínú rẹ̀ rárá. Lókè ni orúkọ ètò wà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín àti àdírẹ́sì àwòrán rẹ̀. Nísàlẹ̀, àwọn apá tó ti jáde tò tẹ̀lé ara wọn, èyí tó dé kẹ́yìn ló sábà máa ń ṣíwájú. Apá kọ̀ọ̀kan ní àkọlé, ọjọ́ tó jáde, àlàyé ráńpẹ́, àti ìlà kan tí wọ́n ń pè ní enclosure. Ohun mẹ́ta péré ni ìlà yẹn ń sọ: àdírẹ́sì ibi tí fáìlì ohùn wà, bí fáìlì náà ṣe tóbi tó, àti irú fáìlì tó jẹ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ MP3. Ó parí. Áàpù yín á ka ìlà yẹn, á gba àdírẹ́sì náà lọ, á sì gbé ohùn wá fún yín. Apple Podcasts kò gba ohùn ètò ọ̀fẹ́ pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìwé atọ́ka ló jẹ́, ó kàn ń júwe ọ̀nà ni.

Okùn ni mo máa ń pe fáìlì RSS yìí. Ìdí tí mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé a lè fà á láti ibikíbi. Áàpù mẹ́wàá lè fa okùn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, kí ohùn kan náà sì dé gbogbo wọn.

Dave Winer, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ló fi ìlà enclosure sínú RSS ní ìparí ọdún 2000. Adam Curry, tí àwọn èèyàn mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n MTV, wà lára àwọn tó tì í sí i. Ní ọdún 2003, Winer ṣe okùn kan fún Christopher Lydon, akọ̀ròyìn rédíò, kó lè fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ránṣẹ́. Kò tíì lórúkọ nígbà náà. Oṣù kejì ọdún 2004 ni Ben Hammersley kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn The Guardian, tó sì ń wá orúkọ tó lè pè é. Ọ̀kan lára àwọn tó dábàá ni podcasting, tó so iPod, ẹ̀rọ ìgbọ́rin kékeré tí Apple ṣe, mọ́ broadcast, ìyẹn fífọ́n ohùn sáfẹ́fẹ́. Orúkọ yẹn ló mọ́ ọn lára. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2005, Apple kó pọ́díkáàsì sínú iTunes, áàpù orin rẹ̀, ilé ayé sì gbọ́. Ní 2022, Apple jáwọ́ nínú ṣíṣe iPod. Olórúkọ ti lọ, orúkọ ṣì ń jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú ìtàn yìí ni pé kò sí ọ́fíìsì kankan nínú rẹ̀ tí èèyàn ti ń lọ gba àṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ máa gba ìwé àṣẹ, á ra ẹ̀rọ, á ri òpó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe pọ́díkáàsì nílò ohùn, ibi tí ohùn máa jókòó sí, àti okùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdí náà sì nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn kò fi dára. Mo sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tún wà tó ń da nǹkan rú: host. Wọ́n máa ń fi pe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ètò, wọ́n á sì tún fi pe ilé iṣẹ́ tó ń gba fáìlì pamọ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí onípọ́díkáàsì kan ní òun ti pààrọ̀ host òun, ẹ má rò pé ó ti lé ẹnì kejì rẹ̀ dànù. Èdè tiwa kò ní wàhálà yẹn. Atọ́kùn ni ẹni tó ń darí ètò, bí atọ́kùn ṣe ń ṣíwájú eégún. Ilé ìpamọ́ ni ibi tí fáìlì ń gbé. Libsyn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, wà lára àwọn ilé ìpamọ́ tó pẹ́ jù. Buzzsprout àti Acast náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú èyí tó ń jẹ́ Anchor tẹ́lẹ̀, tí Spotify rà ní 2019. Àwọn kan ń gba owó oṣù, àwọn kan jẹ́ ọ̀fẹ́, tí wọ́n á sì wá ọ̀nà míì gba tiwọn. Ilé ìpamọ́ dà bí ilé tí èèyàn háyà: ẹrù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti onílé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ adádúró. Àwọn kan rò pé ètò kékeré nìyẹn. Àwọn míì ní ètò tí kò ní ìpolówó ọjà ni. Àwọn kan tiẹ̀ gbà pé ètò tí ohùn rẹ̀ kò dáa ni, tí ajá ń gbó lẹ́yìn. Kò sí èyí tó gbà á nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wo Marc Maron, aláwàdà ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ètò WTF ní 2009. Inú gáréèjì ilé rẹ̀ ní Los Angeles ló ti ń ṣe é. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Barack Obama, tó ṣì jẹ́ ààrẹ nígbà náà, wá jókòó nínú gáréèjì yẹn. Ìpolówó wà nínú ètò náà, àwọn olùgbọ́ pọ̀ bí omi, síbẹ̀ òun àti olóòtú rẹ̀ ló ni í. Nígbà tí wọ́n fẹ́ parí rẹ̀ ní 2025, àwọn fúnra wọn ló pinnu.

Bí mo ṣe rí i, ìdánwò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ: bí atọ́kùn bá bínú kúrò níbi tó wà lónìí, ṣé ètò á bá a lọ? Bí ètò bá lè bá a lọ, adádúró ni. Bí orúkọ ètò, àwọn apá tó ti jáde àti okùn bá máa kù sọ́wọ́ ilé iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ni atọ́kùn náà, bó ti wù kó dá nìkan jókòó sínú yàrá tó.

Helen Zaltzman jẹ́ àpẹẹrẹ tó dáa. Ó bẹ̀rẹ̀ The Allusionist, ètò tó ń tú ìdí ọ̀rọ̀, ní 2015, lábẹ́ Radiotopia, tó jẹ́ àjọ àwọn onípọ́díkáàsì tí kálukú wọn ni ètò tirẹ̀. Ní 2020 ó jáde níbẹ̀, ètò sì bá a jáde. Bẹ́ẹ̀ ni olùgbọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti wá a kiri, torí okùn ṣeé darí. Ẹni tó bá kó kúrò nílé ìpamọ́ kan á ní kí wọ́n fi àmì síbi àdírẹ́sì àtijọ́ pé "a ti kó lọ sí ibí báyìí", áàpù á ka àmì náà, á sì tẹ̀ lé e lọ. Ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ̀ pé wọ́n kó ilé.

Ẹ wá fi ti Joe Rogan, aláwàdà ará Amẹ́ríkà míì, wé e. Adádúró ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Ní 2020 ó bá Spotify ṣe àdéhùn. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún yẹn, ẹ ò lè gbọ́ apá tuntun níbòmíì mọ́. Okùn náà ti wọ inú ọgbà, wọ́n sì ti géètì. Àwọn kan nínú àwa tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí máa ń jiyàn pé kò tiẹ̀ yẹ ká pè é ní pọ́díkáàsì láàárín ìgbà yẹn. Àdéhùn tuntun ní 2024 ló jẹ́ kó jáde padà sórí àwọn áàpù yòókù. Owó tó gbà pọ̀ gan-an, n ò bá a jà. Mo kàn ń sọ ibi tí okùn wà ni.

Àṣìṣe kejì ni pé èèyàn á gbọ́ ètò kan tí ẹnì kan ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ìtàn, á ní adádúró ni. Serial, tó jáde ní 2014 tó sì sọ pọ́díkáàsì di ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí, inú ilé ètò rédíò tó ti wà tipẹ́, This American Life, ló ti jáde wá. Ohùn lè dún bíi ti ẹni tó dá wà, kí agbo òṣìṣẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti irú àwọn atọ́kùn tó wà, ẹnu ò lè ròyìn wọn tán. Dan Carlin ń dá sọ ìtàn ogun àti ilẹ̀ ọba láti 2006. Nígbà tó sọ̀rọ̀ nípa Ogun Àgbáyé Kìíní, apá 6 ló pín in sí, tí àròpọ̀ wọn ju wákàtí 20 lọ. Òun nìkan, kò sí àlejò. Ọ̀gá rédíò wo ló máa gbà á láyè? Joseph Fink àti Jeffrey Cranor ní tiwọn dá ìlú àròsọ kan sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀ ní 2012, wọ́n pe ètò náà ní Welcome to Night Vale, ìròyìn rédíò ìlú tí kò sí láyé. Láàárín nǹkan bí ọdún kan ó ti gun orí àtòjọ iTunes. Àwọn dókítà ń ṣe tiwọn, àwọn tó ń ṣe oyin ń ṣe tiwọn, àwọn tó ń wo eré bọ́ọ̀lù ń pariwo tiwọn.

Èyí tó máa ń mú mi ronú jù ni Ear Hustle. Ọdún 2017 ló bẹ̀rẹ̀, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n San Quentin ní California. Earlonne Woods, ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 31 títí dé ẹ̀mí fún, àti Nigel Poor, ayàwòrán tó ń wọlé wá láti ìta, ni atọ́kùn rẹ̀. Wọ́n gbé èrò náà wọ ìdíje tí Radiotopia ṣe, wọ́n sì borí. Ohun tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹjọ́: bí ọkùnrin méjì ṣe ń gbé nínú yàrá tóóró, bí ẹlẹ́wọ̀n ṣe ń tọ́jú ẹranko kékeré. Àmọ́ ṣé adádúró ni? Òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní láti gbọ́ apá kọ̀ọ̀kan kó sì fọwọ́ sí i kó tó jáde. Ìdánwò tí mo ní ẹyọ kan ni níṣàájú, ó dojú rú níbí: àwọn tó ń ṣe é ló ni ètò, ẹlòmíì ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, gómìnà Jerry Brown dín ẹ̀wọ̀n Woods kù, ó jáde, ó sì ń bá ètò lọ láti ìta.

Àwọn èèyàn tún máa ń rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni. Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá atọ́kùn kan tó fẹ́ bá àlejò tó wà ní ìlú míì sọ̀rọ̀. Ó ti pa fáànù. Ó ti yọ fíríìjì kúrò lára iná, ó sì ti kó kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sínú rẹ̀, kó má baà jáde lọ láì rántí tan án padà. Ó kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó ṣí sílẹ̀, torí aṣọ máa ń mu ohùn tí ògiri ì bá dá padà. Máìkì wà níwájú ẹnu rẹ̀ ní ìwọ̀n ìkúùkù kan, ó yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà fẹ́ lù ú. Wọ́n ń gbọ́ ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kálukú ń gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, torí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń já, ohùn tó wà lórí ẹ̀rọ kò ní já. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan." Pá! Nígbà tó bá to fáìlì méjèèjì síra lójú kọ̀ǹpútà, pàtẹ́wọ́ yẹn á yọ bí ẹ̀gún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gún méjèèjì ló sì máa fi gún wọn ní dọ́gba.

Lẹ́yìn náà ni gígé. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 90 á di 40. Ikọ́ á lọ, "ẹ̀n-ẹ̀n-ẹ̀n" á lọ, ìtàn tí àlejò sọ lẹ́ẹ̀mejì á ku ẹyọ kan. Ibi tó gé á dún bí ihò létí, nítorí náà ó ti gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló máa fi lẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú 40 ní 128 kbps, ìyẹn ìwọ̀n dátà tí ohùn ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á jẹ́ nǹkan bí 38 MB. Bó bá sọ ọ́ di mono, ohùn ọ̀nà kan ṣoṣo, ní 64 kbps, á fá a dé ìdajì, ẹni tí dátà rẹ̀ kò pọ̀ á sì dúpẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì nìyẹn fún ohun tí ẹ máa gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ abọ́.

Ta ló ń sanwó? Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó ń san án. Àwọn olùpolówó ń sanwó lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ìgbà tí áàpù àwọn olùgbọ́ bá gba apá kan sílẹ̀, ìyẹn download. Ká ní dọ́là 20 ni wọ́n ń san lórí ẹgbẹ̀rún, kí ètò kékeré kan sì ní ìgbàsílẹ̀ 800: dọ́là 16 ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ bí èèyàn 100 péré nínú àwọn tó ń gbọ́ bá ń dá dọ́là 5 lóṣù, 500 nìyẹn. Ìṣirò yìí ló fà á tí atọ́kùn adádúró fi máa ń bẹ̀ yín lópin ètò, tí orúkọ Patreon, ìkànnì tí olùgbọ́ ti ń dá owó fún un, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá dá owó á gba okùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí àwọn apá àfikún wà nínú rẹ̀. Àwọn míì ń ta àwọn apá àtijọ́, bí Carlin ṣe ń ṣe, tàbí kí wọ́n gbé ètò lọ sórí ìtàgé kí èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ sì ṣọ́ra fún iye tí wọ́n bá ní àwọn ń gbọ́ ètò kan. Ìgbàsílẹ̀ kì í ṣe èèyàn. Ìlànà IAB, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pọ̀ ilé ìpamọ́ ń lò, ní kí wọ́n ka ìgbàsílẹ̀ sí ẹyọ kan bí ohùn tó tó ìṣẹ́jú kan bá ti wọlé, yálà èèyàn tẹ̀ ẹ́ kó dún tàbí kò tẹ̀ ẹ́. Fóònù lè dá gbà á sílẹ̀ lóru, kó wà níbẹ̀ títí ayé. Nígbà tí Apple yí bí fóònù ṣe ń dá gba apá tuntun sílẹ̀ padà nínú iOS 17, ètò tó ń darí iPhone, ní 2023, iye ọ̀pọ̀ ètò já wálẹ̀ lójijì, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé àwọn olùgbọ́ kúrò.

Àǹfààní okùn fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ náà wà. Google ti áàpù Google Podcasts pa ní 2024. Àwọn tó ń lò ó kó àtòjọ okùn wọn sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ OPML, wọ́n gbé e wọ áàpù míì, gbogbo ètò wọn sì pé. Ètò tó bá jẹ́ pé inú áàpù kan ṣoṣo ló wà kò lè bá yín kó.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ti ètò tí ẹ ń gbọ́, ẹ má sáré tẹ ohùn pa lópin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dárúkọ ẹni tó ṣe é, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń sọ pé "ilé iṣẹ́ báyìí ló ni ín." Kí ẹ wá a lórí áàpù méjì tàbí mẹ́ta kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó wà lórí gbogbo wọn.

Ẹ ó tún rí àwọn kan tí apá wọn tó jáde kẹ́yìn ti pé ọdún mẹ́fà. Atọ́kùn ní, "Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o," n ló bá dákẹ́. Bóyá ó bímọ, bóyá owó tán, bóyá ọ̀rọ̀ ló tán. Bí ẹnì kan bá ṣì ń sanwó ilé ìpamọ́, okùn ṣì wà níbẹ̀. Áàpù àwọn tó ń tẹ̀ lé e ṣì ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń béèrè bóyá nǹkan tuntun ti dé.